Ilé ìwòran kan ní Arákàlẹ̀ tí Bàbá Sàlá àti Jenifa ti ń figa gbága

Ilé ìwòran kan wà lẹ́yìn ọ̀nà Arákàlẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Kò ní pátákó lójú títì, ẹ kàn béèrè ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Torí bọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tí kò bá sí ìdíje ńlá, fíìmù aláwàdà ni ọ̀gá ibẹ̀ máa ń gbé sára ògiri. Á fi ọ̀kan tó ti pẹ́ hàn, á fi òmíràn tí kò pẹ́ tó o tẹ̀ lé e. Tó bá parí, á tan iná, á ní ká sọ èwo nínú méjèèjì ni àwọn ọmọ wa ṣì máa rẹ́rìn-ín sí nígbà tí àwọn náà bá bímọ. Awuyewuye á bẹ̀rẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún náírà ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọdé kì í sanwó. Aránṣọ ni mí ní Òkè Àró, bọ́ọ̀lù kò kàn mí, awuyewuye yẹn gan-an ló ń gbé mi débẹ̀.

Bẹ́ǹṣì onípákó ni ìjókòó wọn, ẹ̀yìn á sì dun ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀, torí náà ẹ mú ìrọ̀rí dání. Fáànù ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń tan jẹnẹrétọ̀, ibi tí wọ́n sì gbé e sí jìnnà débi pé ariwo rẹ̀ kì í bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá kan ń ta ẹ̀pà àti gúgúrú lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀pà ni kí ẹ rà. Ọ̀gá ibẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ tó mọ àgbà. "Mọ̀mí aránṣọ, ẹ káàbọ̀ o, ẹ bọ́ síwájú," bó ṣe máa ń kí mi nìyẹn, kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni mu sìgá nínú ilé.

Ọjọ́ tó fi Ọ̀run Mooru hàn ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Ọdún 1982 ni fíìmù yẹn jáde, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀, Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, ló ṣe Làmídì. Adáhunṣe kan tan Làmídì pé òun á bá a fi owó kún inú àgbá. Kàkà kí àgbá kún, owó tó ní tẹ́lẹ̀ ló bá a lọ, ayé sú u, ó fẹ́ kú. Àyà mi ń já fún fíìmù yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ọmọ FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ló pọ̀ jù nínú ilé, a kò sì tíì bí wọn nígbà tí gbogbo ilé ń sáré parí iṣẹ́ kí wọ́n lè wo Bàbá Sàlá lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ falẹ̀ lóòótọ́, àwọn kan ti ń tẹ fóònù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ìdí àgbá, gbogbo fóònù ló wálẹ̀. Obìnrin kan ké lẹ́yìn mi pé, "MMM rèé o!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rántí bí MMM, ètò tó ṣèlérí pé òun á sọ owó èèyàn di púpọ̀, ṣe ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn lóṣù Kejìlá ọdún 2016 kò ní bi mí léèrè ohun tó fa ẹ̀rín yẹn.

Aṣọ rẹ̀ ni èmi máa ń wò, torí iṣẹ́ mi ni. Bó-táì ràgàjì tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́, awò ojú tó fẹ̀ ju ojú lọ, aago gbàǹgbà. Ohun tí ọ̀mọ̀wé àti olówó fi ń hàn fún aráyé pé àwọn ti dé náà ni Bàbá Sàlá kó sára, ó kàn sọ ọ́ di ńlá ni. Kó tó la ẹnu, aṣọ ti sọ fún wa pé ọkùnrin yìí ń wá ọlá lójú méjèèjì. Òun ni mo fi ń wọn fíìmù aláwàdà títí dòní: ṣé ohun tí ẹni náà ń wá ló ń pa wá lẹ́rìn-ín? Bó bá jẹ́ òun ni, fíìmù náà á pẹ́, torí èèyàn kò ní yéé wá owó, wọn kò sì ní yéé wá ipò. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fi àtíkè kun ojú ẹnì kan, tí wọ́n fi okùn so ṣòkòtò rẹ̀, tí ó ń pariwo kiri, ẹ̀rín ọjọ́ kan ni.

Fíìmù Jenifa ti ọdún 2008 ni àwọn ọmọ FUTA dì mú ní tiwọn. Bàbá kan tó ti fi ọkọ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó jẹun rí ní irọ́ ni, pé ọmọ àná ni Jenifa, pé Bàbá Sàlá tí Sunny Adé, ọmọ ọba Oǹdó, bá ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀, kò sí ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Sunny Adé, àmọ́ ọ̀rọ̀ orin nìyẹn, fíìmù là ń sọ. Mo gbè sẹ́yìn àwọn ọmọ náà. Suliat tí Fúnkẹ́ Akíndélé ṣe kúrò lábúlé, ó wọ yunifásítì, ojú ń tì í pé ará oko ni wọ́n ń pe òun, ó bá sọ ara rẹ̀ di Jenifa. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó ń fọ́ sígbó yẹn, ìtìjú ló wà nídìí rẹ̀. Àmì-ẹ̀yẹ AMAA, ti àwọn fíìmù Áfíríkà, tí Fúnkẹ́ gbà lórí rẹ̀ lọ́dún 2009 tọ́ sí i. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, ọmọbìnrin tó fẹ́ wọlé sí FUTA á ṣì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán an bíi ti ará oko o."

Osuofia in London ti 2003 náà yege. Ogún arákùnrin Osuofia tó kú ló gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù, ó rí ẹyẹlé ìgboro, ọbẹ̀ ló rí. Aki na Ukwa ti 2002 kò yege tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Àwọn ọ̀dọ́ ti mọ ojú Chinedu Ikedieze àti Osita Iheme tó ṣeré nínú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe yọ, àmọ́ kó tó dé ìdajì ó ti sú wọn. Ojú àwọn méjèèjì ló pẹ́, ìtàn náà kò bá a pẹ́.

Modern Times ti Charlie Chaplin, aláwàdà òyìnbó, ló yà mí lẹ́nu jù. Ọdún 1936 ló jáde, ọdún tí wọ́n bí Bàbá Sàlá, ọ̀rọ̀ ẹnu inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ọkùnrin kan ń fi sípánà dè nọ́ọ̀tì nílé iṣẹ́ láìsinmi títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi lè dúró mọ́. Ó rí bọ́tìnnì lára aṣọ obìnrin, ó gbá tọ̀ ọ́ láti dè é! Ọmọdékùnrin kan tí kò tíì mọ ìwé kà rẹ́rìn-ín débi pé ìyá rẹ̀ ní láti gbé e jáde. Iṣẹ́ ni ọkùnrin yẹn kò fẹ́ kó bọ́, òun ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Lásìkò ọdún, tí mo bá ti tẹ ẹ̀rọ di òru, ẹsẹ̀ mi á ṣì máa mì lórí ibùsùn, torí náà kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé fíìmù yẹn ti gbó.

Ibi tí mo ti yọ máàkì fún ilé ìwòran yìí rèé. Ẹ̀dà Ọ̀run Mooru tí wọ́n ní, inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni wọ́n ti dà á kọ. Ó ṣókùnkùn, ohùn rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ gan-an ló sọ Bàbá Sàlá di onígbèsè: àwọn olè ṣe fíìmù náà sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á, èrè tó yẹ kó jẹ lọ. Bàbá Sàlá dolóògbé ní Iléṣà lóṣù Kẹwàá ọdún 2018. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn pé kí ọ̀gá ibẹ̀ wá àwọn ẹbí rẹ̀ kàn, kó sanwó fún wọn, kó gba ẹ̀dà tó mọ́. Kò bínú. Ó ní òun á sọ owó ẹnu ọ̀nà di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́jọ́ fíìmù àtijọ́ láti fi tọ́jú owó yẹn. Mo gbà, bàbá awakọ̀ gbà, àwọn ọmọ FUTA kùn díẹ̀, wọ́n gbà.

Mọsébọ́látán, fíìmù Bàbá Sàlá mìíràn, ni wọ́n ní ó kàn. Ẹ tètè dé kí aago mẹ́rin tó lù, torí bẹ́ǹṣì iwájú ló ní ibi ìfẹ̀yìntì.