CapCut tí mo fi ń ẹ́díìtì fídíò idán mi: ohun tójú mi rí láti oṣù mẹ́fà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí ṣáá pé áàpù wo ni mo fi ń ẹ́díìtì, CapCut ni, ti orí fóònù, ọ̀fẹ́ ni mo sì ń lò. Àdúgbò Under G níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ká gbogbo fídíò mi, nínú yàrá kan ṣoṣo, RAM fóònù mi (àyè tí áàpù fi ń ṣiṣẹ́) ò ju 4GB lọ, ẹ má rò pé kọ̀ǹpútà ńlá kan wà níbì kan.

Áàpù kan tí mi ò ní dárúkọ ni mo kọ́kọ́ lò, gbogbo fídíò tí mo bá parí ló ń lẹ orúkọ ara ẹ̀ mọ́ ní igun bí àmì Fúlàní lára màlúù, tí mi ò bá sì fẹ́ ẹ, kí n sanwó. Ti CapCut, fídíò kékeré kan ló ń so mọ́ ìparí, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ pa á rẹ́, ó tán. ByteDance tó ni TikTok náà ló ni ín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rè é. Fídíò mi àkọ́kọ́, mo ṣẹ́ igba náírà po wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó di ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ níwájú dígí o! Àmọ́ ọwọ́ mi fà díẹ̀ láàárín, mo bá tẹ Split, bọ́tìnì tó ń gé fídíò sí méjì, mo gé bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì dànù kó lè yára. Háà. Gbogbo ẹni tó wò ó, "ẹ́díìtì ni" ni wọ́n ń sọ. Wọn ò sì purọ́ mọ́ mi, mo gé e lóòótọ́, ẹ wo ìka mi bó ṣe fò láti ibì kan bọ́ sí ibòmíì.

Látọjọ́ yẹn, láti ìgbà tí owó bá ti wọ ojú kámẹ́rà títí tó fi yí padà, mi ò jẹ́ fọwọ́ kan ibẹ̀. Tó bá bàjẹ́, mo tún un ká látìbẹ̀rẹ̀, ìgbà mọ́kànlélógún ni mo ká èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí eégún onídán rí, tó di ọ̀bọ, tó di erè, àárín agbo ló ti ń ṣe é, ojú gbogbo ayé wà lára ẹ̀. Kámẹ́rà yẹn ni agbo tiwa.

Kí wá ni CapCut wúlò fún? Iwájú àti ẹ̀yìn. Gbogbo "ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà" mi tó gùn ni mo ń gé kúrò, ta ló fẹ́ dúró gbọ́ ọ. Mo lè fa àwòrán súnmọ́ ọwọ́ díẹ̀, àmọ́ kí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà nínú ẹ̀ o, tí ọwọ́ kan bá ti jáde, wọ́n á ní ẹ lọ mú nǹkan. 9:16 (fídíò tó dúró lóòró) fún TikTok, 16:9 (èyí tó wà ní ìbú) fún fídíò gígùn YouTube. Orin, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ariwo ọmọ àbúrò mi tó jókòó tì mí dùn ju orin lọ.

Ohun kan wà tí ẹ́díìtì ò lè wò sàn dáadáa: gílóòbù LED mi ń ṣẹ́jú nínú fídíò, ìlà dúdú ń sáré kọjá. Iná NEPA wa 50Hz ni, ìgbà àádọ́ta ló ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 30fps fóònù (àwòrán ọgbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ò bá a dọ́gba, 25 ló bá a mu. Fóònù mi ò ní 25, mo bá gbé tábìlì lọ sẹ́bàá fèrèsé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ká báyìí.

Máàkì 4 nínú 5. Tí mo bá kó fídíò 60fps wọ inú ẹ̀, ṣe ló ń wọ́ bí ìgbín, àmọ́ fóònù mi ló jẹ̀bi ìyẹn, mo kàn ń bínú ni mo fi yọ ọ̀kan. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ nísàlẹ̀ ilé wa ti wo fídíò yẹn o, láràárọ̀ ló ń na igba náírà sí mi pé kí n bá òun fẹ́ atẹ́gùn sí i.