Mítà Yẹ́lò DT830D Fún Ẹni Tó Ń Wa Ọkọ̀ Àgbà: Ibi Tó Ti Wúlò àti Ibi Tó Ti Ń Parọ́

Ẹ rà á. Ṣùgbọ́n ẹ má gba gbogbo ohun tó bá kọ gbọ́, torí ibi kan wà tí mítà yìí ti ń parọ́ gbangba, a ó sì dárúkọ ibẹ̀.

Mítà kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tó ń wọn iná, tí wọ́n kọ DT830D sí lójú, là ń sọ. Àwọn tó ń ta wáyà àti súwíìṣì ní Ìkòròdú ń tà á, láti Ṣábọ́ dé Àgríc, owó rẹ̀ kò sì já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó bátìrì ọkọ̀. Ìdí tó fi yẹ ẹni tó ń wa ọkọ̀ àgbà ni pé àìsàn bátìrì àti àìsàn alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣájì bátìrì bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, jọra lójú: ọkọ̀ kọ̀, kò sítáàtì. Rìwáyà tó bá ń kánjú á ní, "Ọ̀gá, bátìrì yín ti wíìkì, ẹ lọ ra òmíràn." Ẹ ó ra òmíràn, á ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, á tún dákẹ́. Ìgbà yẹn ni wọn ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí alternator. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mítà yìí fi ń ya àìsàn méjèèjì sọ́tọ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ dán an wò níbẹ̀. Ihò mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nínú wáyà méjì tó bá a wá, tí à ń pè ní ọwọ́ mítà, ọwọ́ dúdú ń wọ COM, kì í kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ pupa ń wọ èyí tí wọ́n kọ VΩmA sí. Ihò kẹta, 10ADC, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ẹ yí mítà sí 200 lápá Ω, ẹ fi ẹnu ọwọ́ méjèèjì kanra wọn: kò yẹ kó kọ ju 01.0 lọ. Ẹ máa tẹ wáyà síhìn-ín sọ́hùn-ún níbi tó ti wọnú ike. Tí nọ́ńbà bá ń fò, wáyà ti já nínú nìyẹn, ẹ gba òmíràn. Ọwọ́ yìí ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́ lára gbogbo mítà yìí, torí wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín púpọ̀.

Bátìrì kékeré fóòtì 9 ló ń lò, kò sì mọ bí a ṣe ń pa ara ẹni. Tí ẹ bá gbàgbé láti yí i sí OFF, ilẹ̀ á mọ́ bá a ní òkú. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé bí bátìrì inú rẹ̀ bá ti ń rẹ̀, kì í kọ iye tó kéré, iye tó ga ju òótọ́ lọ ló ń kọ. Alternator tó ń fún yín ní 13.2 lè wá dà bí 14 lójú rẹ̀, ẹ ó sì rò pé ara ọkọ̀ le. Tí àmì bátìrì bá ti yọ lójú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wọn ohunkóhun.

Bátìrì ọkọ̀ lẹ kọ́kọ́ máa bi léèrè. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ yí mítà sí 20 lápá DCV (fóòtì irú iná bátìrì), pupa lórí +, dúdú lórí –. Tó bá kọ fóòtì 12.6 sí 12.7, ó kún. Ní 12.4, ó ku bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ní 12.2, ìdajì, ní 12.0, kò ku ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn dé yàtọ̀, torí ṣájì orí-orí ń gbé nọ́ńbà ga: ẹ tan iná iwájú fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ pa á, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí ẹ tó wò ó. Bátìrì tí wọ́n ṣájì mọ́jú tó ṣì ń kọ nǹkan bí 10.5, sẹ́ẹ̀lì kan nínú mẹ́fà rẹ̀ ti kú, torí fóòtì 2.1 ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ìyẹn kò ní oògùn. Ẹni tó bá ní òun á da ásíìdì tuntun sí i kó lè jí, owó yín ló fẹ́ jẹ.

Bátìrì lè kọ 12.6 kó má sì ní agbára kankan nínú. Mítà kò lè gbé ẹrù lé e lórí, sítátà nìkan ló lè bá yín ṣe ìyẹn. Ẹ yọ fíúsì tí wọ́n kọ EFI sí, tàbí ti pọ́ǹpù epo, kí ẹ́ńjìnnì má bàa tan. Kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, kí ẹ máa wo mítà. Tó bá wá sísàlẹ̀ 9.6 nígbà tó jẹ́ pé bátìrì kún kó tó bẹ̀rẹ̀, bátìrì náà ti lọ. Ìdí tí a fi ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ni pé mítà yìí lọ́ra: bí ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta ló ń ka nǹkan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ́ńjìnnì tó bá tan kíá á ti kọjá kó tó rí i.

Ibí yìí ni mítà ti ń gba bátìrì aláìṣẹ̀ sílẹ̀. Bí sítátà ṣe ń yí, ẹ fi ẹnu ọwọ́ méjèèjì kan òjé orí bátìrì gan-an, ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ wá sún ẹnu ọwọ́ pupa kúrò lórí òjé sórí irin terminal tó dì í mú. Tí òjé bá kọ 11 tí terminal kọ 8, fóòtì 3 ti sọnù láàárín nǹkan méjì tó fara kanra. Ìdọ̀tí funfun ló fà á, tàbí ìṣó tí wọ́n kì bọ àárín wọn kí terminal tó ti fẹ̀ lè mú. Ẹ yọ ìṣó náà dànù. Ẹ tú terminal, – ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú, ẹ fi omi gbígbóná àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì fọ̀ ọ́, ẹ fi sáńpépà ha inú rẹ̀ títí yóò fi máa dán, ẹ dì í pa, kí ẹ tó wá fi gírísì pa á lórí. Èyí tó bá ti fẹ̀ jù, ẹ pààrọ̀ terminal nìkan.

Ó wá kan alternator. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ padà sórí bátìrì. Fóòtì 13.8 sí 14.5 ló dára. Ẹ má dúró síbẹ̀ o, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rìwáyà ti ń pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Alternator tó ń kọ 14.2 nígbà tí kò sí ẹrù kankan lè já sí 12.7 nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 12, nígbà tí AC, iná iwájú àti wáípà bá jọ ń mu iná tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nítorí náà ẹ gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé e nínú ọgbà yín: AC, iná iwájú gíga, fáànù inú ọkọ̀ dópin. Ẹ tẹ ẹ́ńjìnnì dé nǹkan bí ìyípo 2000. Tí kò bá lè di 13.2 mú, ọ̀ràn wà. Tó bá kọjá 14.8, regulator, ohun tó ń ṣàkóso fóòtì alternator, ló ti bàjẹ́: omi bátìrì á máa gbẹ, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ á máa jáde nídìí bọ́nẹ́ẹ̀tì, gílóòbù á máa jó léraléra.

Èyí tó bá kéré ní ìdí púpọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí kì í ná ni lówó. Fáńbẹ́ẹ̀tì tó ti dẹ̀ tàbí tó ti dán nínú á máa yọ̀, pàápàá tó bá ti gbóná. Lẹ́yìn náà, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì tan ẹ́ńjìnnì, ẹ wo iná pupa alámì bátìrì nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó gbọdọ̀ tàn. Tí kò bá tàn, gílóòbù rẹ̀ lè ti jó tàbí kí wáyà rẹ̀ ti já, lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àgbà, wáyà yẹn gan-an ló ń jí alternator. Àwọn kan ti pààrọ̀ alternator odindi nítorí gílóòbù kékeré. Lára alternator Denso tí Toyota ń lò, ẹnu mẹ́ta ló wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀: L ń lọ sídìí iná pupa yẹn, IG ń gba iná láti ara kọ́kọ́rọ́, S ló ń bá a wo bí bátìrì ṣe wà. Ẹ fi mítà wo IG nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON, àti S nígbà gbogbo: iná bátìrì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, fíúsì ni kẹ́ ẹ wá lọ. Ẹni tó bá ti fi wáyà jọ́mpà gbòdì rí, kó lọ wo fíúsì ńlá tí wọ́n kọ ALT sí.

Tí gbogbo ìyẹn bá pé, ó ku brush, èédú kékeré tó ń gbé iná fún apá tó ń yí nínú alternator. Tí ẹ bá fi igi rọra gbá ẹ̀yìn alternator bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tí nọ́ńbà sì fò sókè, brush ti jẹ tán. Èyí tó jẹ́ tuntun lára Denso ń yọ síta tó mílímítà 10.5, tó bá ti ku 1.5 kò wúlò mọ́. Pààrọ̀ brush nìkan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tòkunbọ̀ rọ́pò alternator tí ara rẹ̀ ṣì le.

Ẹni tó ń wa Honda ọdún 1990 sókè ní láti ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ wọn ní ẹ̀rọ kan nínú àpótí fíúsì tó ń wo iye iná tí ọkọ̀ ń lò, tí ẹrù kò bá sí, kọ̀ǹpútà á dín ṣájì kù sí nǹkan bí 12.5. Kì í ṣe àìsàn. Ẹ tan iná iwájú, ẹ ó rí i tó gòkè kọjá 14.

Ohun tí mítà yìí mọ̀ ọ́n ṣe jù, tí kò sì sí nínú ìwé pélébé tó bá a wá, ni wíwá ibi tí fóòtì ń sọnù sí lójú ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹrù wà lórí rẹ̀: ọwọ́ pupa lórí bóòtù B lẹ́yìn alternator, dúdú lórí + bátìrì. Kò yẹ kó ju 0.3 lọ. Ẹ wá fi pupa kan ara irin alternator, kí dúdú kan – bátìrì: kò yẹ kó ju 0.2 lọ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wáyà tàbí ẹ́ẹ̀tì ló dípẹtà, alternator kò ṣẹ̀ yín. Nínú ọkọ̀ tó ti ń la omi àti kòtò kọjá fún ọdún púpọ̀, wáyà ẹ́ẹ̀tì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì ni ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Bó ṣe ń parọ́ nìyí. Àwọn kan máa ń sọ pé kí a yí mítà sí ACV (fóòtì irú iná NEPA), kí a fi wo bóyá diode alternator, ohun kékeré inú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, ti jò. Mítà tó dára lè ṣe é, eléyìí kò lè ṣe é. Ojú 200 ni ACV rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kò sì ní ohun tó ń dínà iná bátìrì níbẹ̀. Ẹ fi kan bátìrì tó wà nílẹ̀ lásán, tí kò so mọ́ ọkọ̀ kankan, yóò kọ iye tó ju ìlọ́po méjì fóòtì rẹ̀ lọ. Ẹ yí ọwọ́ padà, yóò kọ òdo. Rìwáyà tó bá fi ojú yìí dá diode yín lẹ́bi, ẹ má sanwó fún un.

Ojú diode tirẹ̀ dára ní tiẹ̀, pàápàá lọ́jà. Tí ẹ bá fẹ́ ra alternator tòkunbọ̀ ní Òwòdé Onírin, ẹ yí i sí àmì diode, pupa lára irin rẹ̀, dúdú lórí bóòtù B: ó yẹ kó kọ nǹkan bí 800 sí 1000. Ẹ yí ọwọ́ padà, ó yẹ kó kọ 1 lápá òsì nìkan. Tó bá kọ òdo síbí kọ òdo sọ́hùn-ún, diode rẹ̀ ti pa pọ̀, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Ihò 10ADC wà fún ẹni tí bátìrì rẹ̀ ń kú mọ́jú. Ẹ fi ọwọ́ pupa sínú rẹ̀, ẹ yí mítà sí 10A. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ tú orí –, ọwọ́ mítà kan lórí bátìrì, èkejì lórí wáyà tí ẹ tú. Ẹ dúró kí ọkọ̀ sùn. Tó bá ju 0.05 lọ, ohun kan ń mu iná: ẹ máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí nọ́ńbà á fi wálẹ̀. Tí fíúsì tán tí kò wálẹ̀, ẹ tú wáyà B lẹ́yìn alternator, ẹ rí i pé kò kan irin kankan: tí nọ́ńbà bá wálẹ̀ nígbà náà, alternator ló ń mu iná. Ewu wà níbẹ̀ o. Ihò yìí kò ní fíúsì lára ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n tilẹ̀ kọ UNFUSED sí i. Ẹ kò gbọdọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tó wà lójú ọ̀nà iná. Tí ẹ bá sì gbàgbé ọwọ́ pupa síbẹ̀ tí ẹ wá lọ wọn fóòtì, bátìrì á jó ọwọ́ mítà náà mọ́ yín lọ́wọ́.

Mítà yìí tún gbà yín lọ́wọ́ àṣà tú-terminal-wò, pé kí a tú orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti mọ̀ bóyá alternator ń ṣájì. Bátìrì ló ń gba iná tó bá ṣàdédé ga mọ́ra. Bí wọ́n bá yọ ọ́, fóòtì lè fò sókè kó sun diode, regulator, tàbí brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Kí ẹ̀rọ má kú sì kò ní kó ṣájì dáadáa.

Ike kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò sìgá, tó ń kọ fóòtì lójú, dára láti máa wò lójú ọ̀nà, àmọ́ ó sábà máa ń fi díẹ̀ kéré sí ti orí bátìrì. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jẹun, mítà tó ń gbá wáyà mú tó sì mọ iná DC ni kó rà. Fún onílé tó ní ọkọ̀ kan, DT830D tó. Ẹ ra bátìrì fóòtì 9 kan kún un, àti ọwọ́ mítà méjì tó nípọn ju èyí tó bá a wá lọ.