AIO Tàbí Loop Àdátò: Ibi Tí Owó Ń Gbà Lọ

Bó bá jẹ́ CPU (chip tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà) nìkan ló ń gbóná jù nínú kọ̀ǹpútà yín, ẹ ra AIO, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi omi mú un tutù, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Pọ́ǹpù, rédíétọ̀ (ibi tí fáànù ti ń fẹ́ omi kó tutù), rọ́bà àti omi ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹ kàn máa dè é mọ́ CPU ni. Loop àdátò ni ẹ̀rọ olómi tí ẹ ó ra ẹ̀yà rẹ̀ lẹ́yọ-lẹ́yọ, tí ẹ ó sì fọwọ́ ara yín tò. Fún CPU nìkan, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju AIO oní-360 (rédíétọ̀ 360 mm, tó gba fáànù 120 mm mẹ́ta) lọ, owó rẹ̀ sì pọ̀ jù ú lọ dáadáa. Orí GPU, ìyẹn chip inú káàdì àwòrán, ni owó tí ẹ ná ti ń wúlò: káàdì tó ń jẹ 300 wáàtì á máa ṣiṣẹ́ láìsí pé fáànù ń hó lé yín lórí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ṣírò water block (irin tó lẹ̀ mọ́ chip, tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá), pọ́ǹpù àti rédíétọ̀, wọ́n á gbàgbé fitting, ìyẹn oríkèé tó ń so rọ́bà mọ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká kà á. Block CPU, block GPU, rédíétọ̀ méjì, pọ́ǹpù tó lẹ̀ mọ́ táǹkì: ẹ̀yà 5. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tí omi ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde, fitting 10 nìyẹn. Ẹ ò tíì ra èyí tó tẹ̀ ní igun 90, ẹ ò tíì ra ti ibi tí ẹ ó ti máa fa omi jáde. Àpapọ̀ wọn lè ju owó rédíétọ̀ kan lọ. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ìwọ̀n ojú ihò kan náà, G1/4, ni gbogbo ilé iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ń lò, nítorí náà ẹ lè ra ti ẹni tí tiẹ̀ kò bá wọ́n.

Lórí rédíétọ̀, ìṣírò tí àwọn tó ń tò ó ń lò ni ìwọ̀n fáànù 120 mm kan fún nǹkan bí 100 wáàtì. CPU 150 wáàtì àti GPU 300 wáàtì á fẹ́ rédíétọ̀ 360 kan (fáànù mẹ́ta) àti 240 kan (fáànù méjì). Ẹ wọn àpótí yín kí ẹ tó sanwó: rédíétọ̀ tó nípọn 30 mm, pẹ̀lú fáànù 25 mm, ti gba 55 mm.

Rọ́bà ńkọ́, àbí páìpù líle? Rọ́bà ni mo fara mọ́. Ọ̀bẹ mímú ti tó láti gé e, bí ẹ bá gé e gùn jù, ẹ tún un gé. Páìpù líle rẹwà, n kò jiyàn, àmọ́ ó ń fẹ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná, okùn sílíkónì tí ẹ ó kì bọ inú rẹ̀ kó má baà pẹlẹbẹ, àti páìpù àfikún fún èyí tí ẹ máa bà jẹ́. Oríṣi ike méjì ni wọ́n fi ń ṣe é: PETG rọrùn láti tẹ̀, ṣùgbọ́n ó tètè ń rọ̀ bí omi bá gbóná jù. Acrylic ń fara da ooru jù ú lọ, àmọ́ ó tètè ń sán bí ẹ bá ń gé e.

Block GPU ló máa ń dunni jù. Bọ́ọ̀dù káàdì kan pàtó ni wọ́n ṣe é fún. Chip kan náà láti ilé iṣẹ́ mìíràn lè máà gbà á. Bí ẹ bá yí káàdì padà, owó block lọ nìyẹn. Pọ́ǹpù àti rédíétọ̀ ní tiwọn á bá yín dé orí kọ̀ǹpútà tó ń bọ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ má ṣe ṣahun. Nínú oríṣi pọ́ǹpù méjì tó wọ́pọ̀, D5 tóbi, ó sì dákẹ́. DDC kéré, ó lágbára, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ń gbóná.

Ẹ má fi rédíétọ̀ alumíníọ̀mù pọ̀ mọ́ block bàbà: inú omi kan náà, alumíníọ̀mù á máa jẹrà. Omi aláwọ̀ tí a kò lè rí òdìkejì rẹ̀ ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dí block. Èyí tó mọ́ gaara ni kí ẹ lò, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ọdún kan bá ti pé. A kì í sábà pààrọ̀ omi AIO, ṣùgbọ́n tí pọ́ǹpù rẹ̀ bá kú, odidi rẹ̀ lẹ máa jù nù.

Bí ẹ bá tò ó tán, pọ́ǹpù nìkan ni kí ẹ fún níná. Ẹ fi tíṣù sábẹ́ gbogbo oríkèé, kí omi máa yí fún wákàtí 24 kí ẹ tó tan ìyókù.