Májẹ̀mú Tuntun tí Jefferson fi abẹ gé

Mo ra ẹ̀dà ìwé tí Thomas Jefferson, ààrẹ kẹta ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní ọdún 1820, èyí tí Smithsonian, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 bí ojúlówó rẹ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́. Ìwé Májẹ̀mú Tuntun mẹ́fà ni Jefferson gé, ní èdè Gíríìkì, Látìn, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì lẹ àwọn ẹsẹ náà mọ́ra ní òpó mẹ́rin. Ẹ̀kọ́ Jésù ni ó fi sílẹ̀, ó yọ iṣẹ́ ìyanu dànù. Etí ibi tí abẹ gbà kọjá ṣì hàn kedere, bẹ́ẹ̀ ni ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀ wà létí ìwé. Ojú-ìwé tó kẹ́yìn ló gbà mí lọ́kàn jù: wọ́n tẹ́ Jésù sí ibojì, wọ́n yí òkúta dí i, wọ́n sì lọ. Kò sí àjíǹde.

Èrò àwọn tó gbà pé Ọlọ́run dá ayé, tí Ó fi òfin sí i, tí kì í sì í dá sí i mọ́, ló hàn níbẹ̀. Sáyẹ́ǹsì kò tíì sọ èrò yìí di àlòpatì, nítorí bí a tilẹ̀ mọ̀ pé àgbáyé ti tó nǹkan bí bílíọ̀nù 13.8 ọdún, a kò tíì mọ ìdí tí òfin tó ń darí rẹ̀ fi wà rárá. Síbẹ̀, inú ilé tí a ti ń fi àdúrà jí, tí a fi ń sùn, ni wọ́n bí mi sí. N kò lè gba Ọlọ́run tí kì í dáhùn.

Ìwé náà tó owó rẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á ní awò ojú, nítorí lẹ́tà rẹ̀ kéré púpọ̀.