Okùn ajá onídìímú méjì: oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń lò ó

Ajá ńlá ni Tanímọ̀la, kílò 32, kò sì fẹ́ kí ajá mìíràn sáré ko òun lójú. Bẹ́ẹ̀ àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ la jọ ń jáde. Okùn tó wà lọ́wọ́ mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ rárá.

Irú èyí tó ń ká ara rẹ̀ sínú ike ni mo ń lò tẹ́lẹ̀. Tín-ín-rín ni, bí okùn bàtà. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ yọ sí wa lójijì, Tanímọ̀la fò sí i. Mo tẹ bọ́tìnnì tó yẹ kó dá okùn dúró, kò mú. Mo bá fi ọwọ́ lásán di okùn náà mú, ó bó àtẹ́lẹwọ́ mi bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lọ́wọ́. Ọmọ náà kò fara pa, ọpẹ́ ni. Ìyá rẹ̀ bínú sí mi gidigidi, mo sì ní kó má bínú, torí òun ló jàre. Mi ò tún fọwọ́ kan okùn yẹn mọ́.

Èyí tí mo rà rọ́pò rẹ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù fífẹ̀, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1.8, kì í nà, kì í sún. Ìdìímú méjì ló ní: ọ̀kan wà ní ìparí bí ti gbogbo okùn, èkejì wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá ìkọ́, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí ara ajá. Torí ti ìsàlẹ̀ yìí ni mo ṣe rà á. Tí mo bá rí ẹni tó ń bẹ̀rù ajá lọ́ọ̀ọ́kán, mo kàn máa na ọwọ́ sísàlẹ̀, mo dì í mú, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, Tanímọ̀la á jókòó ti orúnkún mi títí ẹni náà á fi kọjá. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni mo máa ń wé okùn mọ́ ọrùn ọwọ́. Ẹ má ṣe é o! Bí ajá bá já fà lójijì, ọwọ́ lè yẹ̀.

Ọjọ́ tí mo mọ iyì rẹ̀ ni ọjọ́ tí ajá pupa kan tí wọn ò so wá bá wa. Ara rẹ̀ le gbagidi, ìrù rẹ̀ nà ró, kò ṣẹ́jú. Olówó rẹ̀ ń pariwo láti òkèèrè pé, “Kò ní ṣe nǹkan kan o, ó fẹ́ bá a ṣeré ni!” Mo mú ìdìímú ìsàlẹ̀, mo fi ẹ̀gbẹ́ kọ ajá náà, mi ò wò ó lójú, mo fi àpò mi dí àárín òun àti Tanímọ̀la. Mi ò sá, torí ajá a máa lé ohun tó bá ń sá. Mo da bisikíìtì ajá díẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Bó ṣe tẹrí ba láti jẹ ẹ́ ni a rọra ń fẹ̀yìn rìn. Bàbá náà dé, ó ní èmi ni mò ń kó ìpayà bá ajá òun. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ bá mi so ó, a ti ń lọ.” Mi ò fi kún un.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ pé ajá bu ènìyàn jẹ, ọ̀rọ̀ kọjá okùn: ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn kíá. Bí àmì àrùn dìgbòlugi bá ti fara hàn, ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn yè é.

Àbùkù rẹ̀ wà. Etí ìdìímú ìsàlẹ̀ le, ó ń ha mí lọ́wọ́, èmi fúnra mi ni mo rán aṣọ rírọ̀ mọ́ ọn. Ìkọ́ rẹ̀ wúwo jù fún ajá kékeré. Òwú tí wọ́n ní yóò máa tàn lóru ti ṣú lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọn ò sì kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé kéèyàn má máa di ti ìsàlẹ̀ mú ṣáá: bí okùn bá le pẹ́, ara ajá náà á le, á máa wá ìjà. Kí ewu kọjá, kẹ́ ẹ fi ìdìímú ìsàlẹ̀ sílẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, mo máa ń fi èékánná yẹ ibi tí wọ́n ti rán ìdìímú náà mọ́ okùn wò. Títí di òní, òwú kan ò tíì tú.