Tablet tàbí Laptop: Èwo Ló Yẹ Kíláàsì?

Ọmọ tó ṣì ń kọ́ a, b, d, tablet ni kí ẹ gbé fún un. Ìka lásán ló fi ń fa lẹ́tà sójú rẹ̀. Tó bá ṣì í, á pa á rẹ́, á tún un kọ. Ó fúyẹ́, kámẹ́rà sì wà lẹ́yìn rẹ̀: ọmọ lè gbé e jáde lọ ya fọ́tò ewé tí tíṣà ń sọ.

Àmọ́ ẹ ní kí ọmọ ọdún 15 kọ àròkọ olójú ewé mẹ́ta sórí ẹ̀. Kíbọọ̀dù á gba ìdajì ojú ẹ̀, ìpínrọ̀ tó kọ ṣáájú á sá pamọ́, ìka á sì máa ṣi lẹ́tà tẹ̀. Ibẹ̀ ni laptop ti fàgbà hàn án: kíbọọ̀dù gidi, ojú tó fẹ̀, àyè láti ṣí ìwé méjì pọ̀. Ó wúwo lóòótọ́, ìdérí rẹ̀ sì máa ń bo ohun tí ọmọ ń ṣe mọ́ tíṣà lójú. Ẹ̀yìn ìdérí yẹn ni géèmù ń gbé.

Bí owó bá mọ sí ẹyọ kan, tablet tó gba kíbọọ̀dù àlẹ̀mọ́ ni màá rà.