Ìrìn-àjò Igbó Ọ̀ṣun dáa o, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n mú yín yà nílé Àdùnní

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá ìrìn-àjò Òṣogbo táwọn tó ń mú èèyàn rìn láti Ìbàdàn máa ń ṣe yẹn tó owó tí wọ́n ń gbà, ó tó o, ẹ lọ. Bọ́ọ̀sì wọn mọ́, dírẹ́bà ò sáré, igbó yẹn fúnra ẹ̀ tutù minimini. Ohun tó dùn mí ni pé ìtàn òrìṣà nìkan lẹni tó ń ṣàlàyé fún wa ń sọ, tá a bá dé iwájú ère á ní Àdùnní Olórìṣà ló ṣe é, ó tán, a tún ti ń lọ nìyẹn. Ta ni Àdùnní, kí ló ń ṣe kó tó dé Òṣogbo? Kò mẹ́nu bà á rárá.

Ayàwòrán lobìnrin yẹn o! Susanne Wenger, Graz ní Austria ni wọ́n ti bí i ní 1915, ó kọ́ṣẹ́ ní Vienna, nígbà ogun, pẹ́ńsùlù aláwọ̀ ló fi ń ya àwọn nǹkan abàmì tó ń rí lójú àlá. Ìgbà tóun àti Ulli Beier ọkọ ẹ̀ wá sí Ìbàdàn ní 1950, ikọ́ ife dá a gúnlẹ̀, nígbà tó yá ó pàdé Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, l'Ẹ́dẹ, ibẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ti yí pátápátá.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló kọ́. Ẹ wò ó ná, ẹni tó ti mọ́ lára láti máa fi pẹ́ńsùlù ya nǹkan díẹ̀díẹ̀, kó pa á rẹ́, kó tún un yà, òun ló wá ń fi ẹ̀kọ láfún ya aṣọ, ibi tẹ́kọ bá ti kàn, aró ò ní wọbẹ̀ mọ́, bó o bá ṣì í yà, ó ti bọ́ nìyẹn. Ìlà ẹ̀ wá ki, ó dá ṣáká, ojú, ọwọ́, ẹranko, gbogbo ẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn kún aṣọ dé etí.

Àwọn kan máa ń sọ pé ṣe ló kàn ṣàfarawé iṣẹ́ àwa Yorùbá, mi ò gbà. Ère tiwa, orí ẹ̀ tóbi, ojú ẹ̀ tutù, á dúró ṣánṣán. Ẹ wá wo ère òrìṣà Ìyá Mòòpó tó ṣe sínú igbó yẹn, ó ga fíofío, apá ẹ̀ nà sókè bí ẹ̀ka igi! Àlá Vienna yẹn ṣì wà nínú ẹ̀, Òṣogbo ló fún un ní òrìṣà, ló fún un ní sìmẹ́ńtì, ló tún fún un láwọn èèyàn bíi Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bíríkìlà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n jọ ṣe é. Òṣogbo náà ló kú sí ní 2009.

Àwa kan la bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó yà nílé ẹ̀ ní Ìbòkun Road, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bíi tàwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, ère igi kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, ká ní kò sí ibẹ̀ yẹn ni, inú mi ò bá bàjẹ́ gan-an.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, ẹ má gbé oúnjẹ sọ́wọ́ nítorí àwọn ọ̀bọ, kẹ́ ẹ tó sanwó ni kẹ́ ẹ ti sọ fún wọn pé ẹ máa dé Ìbòkun Road.